Wọn Kò Gbúròó Ẹni Tó Kọ b2 Mọ́: Bí Iṣẹ́ Tí Wọ́n Pa Tì Ṣe Di WordPress

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kìíní ọdún 2003, Matt Mullenweg, ọmọ ọdún 19 tó ń kàwé ní yunifásítì ní ìlú Houston ní Texas, kọ ọ̀rọ̀ ṣókí kan sórí búlọ́ọ̀gù rẹ̀. photomatt.net ni ìkànnì náà ń jẹ́ nígbà yẹn. Fọ́tò tó yà, orin jazz tó fẹ́ràn, àti ọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ìkànnì kíkọ́ ló sábà máa ń gbé síbẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni pé sọ́fítíwíà tí búlọ́ọ̀gù òun ń lò, tó ń jẹ́ b2, kò ní àtúnṣe kankan mọ́ láti ọ̀pọ̀ oṣù wá. Wọn kò gbúròó ẹni tó kọ ọ́. Matt ní òun kàn ń retí pé kò sóhun tó ṣe ọkùnrin náà.

Sọ́fítíwíà tí kò ní olùtọ́jú kì í kú lójijì. Yóò ṣiṣẹ́ lónìí, yóò ṣiṣẹ́ lọ́la. Ó di ọjọ́ tí ẹni tó ń ta ààyè fún ọ lórí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé ìkànnì rẹ, bá pààrọ̀ ẹ̀dà PHP, èdè tí wọ́n fi kọ kóòdù náà, tàbí ọjọ́ tí olè kan bá rí ihò nínú kóòdù náà, kó o tó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó o lè ké sí. Nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ tó o ti ń kọ láti ọdún mélòó kan ti wà nínú rẹ̀.

Bí ọ̀ràn náà ṣe lọ láti orí b2 dé orí WordPress, sọ́fítíwíà tí ọ̀pọ̀ ìkànnì ayé ń lò lónìí, ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ níhìn-ín. Níbi ìpàdé àwọn oníṣẹ́ ìkànnì, ìtàn ọ̀dọ́mọkùnrin tó lálàá tí àlá rẹ̀ sì ṣẹ ni wọ́n máa ń fi í sọ. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ìwé àṣẹ kan tí ẹni tó kọ b2 fi sára iṣẹ́ rẹ̀, nígbà tí kò tíì sí wàhálà kankan, ló gba gbogbo wọn sílẹ̀. Àlá Matt ì bá má wúlò tí ìwé àṣẹ yẹn kò bá sí.

Michel Valdrighi, ará erékùṣù Corsica ní ilẹ̀ Faransé, ló gbé b2 jáde ní 2001. b2/cafelog ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. PHP ló fi kọ ọ́, inú MySQL, ìyẹn database tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀, ló sì ń kó o pa mọ́ sí. Kí ẹni tó bá ń ka èyí lónìí tó lè mọ ìdí tí àwọn ènìyàn fi fẹ́ràn rẹ̀, ó yẹ kó mọ ohun tó wà lórí àtẹ nígbà náà. Blogger wà, èyí tí ilé-iṣẹ́ Pyra Labs bẹ̀rẹ̀ ní 1999. Orí ìkànnì tiwọn lèèyàn ti ń kọ̀wé, wọ́n á wá fi FTP, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbé fáìlì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbé ojú-ewé náà lọ sí orí sáfà rẹ. Ọjọ́ tí sáfà tiwọn bá dákú, o ò lè kọ nǹkan kan. Movable Type náà wà, iṣẹ́ ọwọ́ tọkọtaya kan, Ben àti Mena Trott, tó jáde ní oṣù Kẹwàá 2001. Perl ni wọ́n fi kọ ìyẹn. Ó lágbára, ó sì dára lójú. Gbogbo àwọn tó lórúkọ nínú búlọ́ọ̀gù ìmọ̀ ẹ̀rọ nígbà yẹn, tí ẹ bá wo ìsàlẹ̀ ojú-ewé wọn, Movable Type lẹ máa bá níbẹ̀.

Àmọ́ ọ̀nà tí Movable Type gbà ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀. Ó máa ń fi HTML, èdè tí wọ́n fi ń to ojú-ewé ìkànnì, kọ ojú-ewé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ṣáájú, kó tó di pé ẹnikẹ́ni wá kà á. Èyí mú kí ojú-ewé tètè ṣí fún òǹkàwé, ṣùgbọ́n tó o bá yí ìlà kan péré padà nínú àwòṣe búlọ́ọ̀gù rẹ, gbogbo ojú-ewé tó ti wà nílẹ̀ ni yóò tún kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún àpilẹ̀kọ lè lọ sè oúnjẹ kó tó parí. Ní ti b2, ìgbà tí òǹkàwé bá dé ló máa ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ MySQL, tí yóò sì to ojú-ewé náà lójú ẹsẹ̀. Oníṣẹ́ ọ̀nà ìkànnì tí kì í lè fi àwọ̀ àti lẹ́tà ojú-ewé rẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì, ara irú èyí ló wù ú. Kóòdù náà kò sì ṣòro láti wọ̀: PHP àti HTML jọ wà nínú fáìlì kan náà ni, ẹni tó gbọ́ díẹ̀ nínú HTML lè ṣí i, kó wá ibi tí àkọlé wà, kó sì yí i sí bó ṣe fẹ́. Àwọn ọ̀gá onímọ̀ kóòdù máa ń bú irú àdàlù bẹ́ẹ̀. Òun gan-an ló jẹ́ kí àwa tí a kò lọ ilé-ẹ̀kọ́ fún un ráyè wọlé.

Kí ló wà níwájú Matt nígbà náà? Ó lè kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Textpattern ló kọ́kọ́ wò, iṣẹ́ Dean Allen, ọkùnrin tó mọ ọ̀rọ̀ lẹ́tà títẹ̀ dáadáa. Ó ní ó jọ gbogbo ohun tí òun lè fẹ́, ṣùgbọ́n òun ò rò pé irú àṣẹ tí ọkàn òun lè gbà ni wọn yóò fi gbé e jáde. Lẹ́yìn èyí ló wá kan ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo àpilẹ̀kọ náà: abẹ́ GPL ni b2 wà.

GPL ni ìwé àṣẹ tí Richard Stallman kọ fún Free Software Foundation, ẹgbẹ́ tó ń jà fún òmìnira àwọn tó ń lo sọ́fítíwíà. Ẹ̀dà kejì rẹ̀ ti wà láti 1991. Ohun tó sọ ni pé ẹnikẹ́ni tó bá gba sọ́fítíwíà náà lè lò ó fún ohunkóhun tó bá wù ú, ó lè ṣí inú kóòdù náà wò, ó lè tún un ṣe, ó sì lè pín èyí tó tún ṣe fún ẹlòmíràn, bó bá ṣáà ti jẹ́ àṣẹ kan náà ló fi pín in. Nítorí náà, Matt kò nílò láti wá Michel kàn kó tó fọwọ́ kan iṣẹ́ rẹ̀. Michel ti fọwọ́ sí i tẹ́lẹ̀, fún gbogbo ayé, kí ẹnikẹ́ni tó béèrè. Matt ní òun lè mú kóòdù b2, kí òun fi ṣe fork, èyí ni kéèyàn máa bá kóòdù tó wà nílẹ̀ lọ lọ́nà tirẹ̀, kí òun sì fi àwọn ohun tí Michel ì bá máa ṣiṣẹ́ lé lórí kún un. Ó tún ní bí òun náà bá pòórá lọ́dún kan sí i, iṣẹ́ náà kò ní sọnù, nítorí ẹni tó bá fẹ́ lè gbé e láti ibi tí òun bá a dé.

Mo ti ka ibi yẹn lákàtúnkà. Ọmọ ọdún 19 ń sọ̀rọ̀ ikú iṣẹ́ tí kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá ni kì í rò ó títí wọ́n á fi ti ìlẹ̀kùn wọn pa.

Ó wá ka ohun tó fẹ́ kí sọ́fítíwíà tuntun náà ní: kó ṣeé tẹ̀ síbi tó bá wu èèyàn bíi Movable Type, kó mọ ọ̀rọ̀ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ bíi Textpattern, kó ṣeé tú palẹ̀ bíi b2, kó sì rọrùn láti bẹ̀rẹ̀ bíi Blogger. Orúkọ nìkan ló kù tí kò ní.

Ọjọ́ kejì ni ìdáhùn Mike Little dé. Onímọ̀ kóòdù ni Mike, Stockport ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń gbé, òun náà ń lo b2. Ó ti kọ nǹkan kan tó ń jẹ́ b2links, tí wọ́n fi ń to àwọn ìkànnì tí èèyàn fẹ́ràn sí ẹ̀gbẹ́ búlọ́ọ̀gù. Ohun tó sọ kò gùn: bí Matt kò bá ṣeré, òun yóò fẹ́ bá a dá sí i, àti pé ẹnì kan tàbí méjì mìíràn lè wà nínú àwọn tó ń lo b2 tí wọn yóò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò béèrè owó, kò béèrè ipò. Òkun Atlantic wà láàárín wọn, iṣẹ́ ajé sì wà níwájú Mike ní tirẹ̀.

Wọ́n lo oṣù méjì àti díẹ̀ kí nǹkan tó hàn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ni Matt ṣí ẹ̀ka tuntun fún kóòdù náà lórí SourceForge, ibi tí àwọn oníṣẹ́ irú èyí máa ń kó kóòdù sí kí GitHub tó dé ayé. Orúkọ náà ti wá: Christine Selleck Tremoulet, ọ̀rẹ́ Matt tí òun náà ń kọ búlọ́ọ̀gù, ló dábàá WordPress. Ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún 2003, WordPress 0.7 jáde. Nọ́ńbà yẹn fúnra rẹ̀ fi ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá hàn, nítorí 0.6 ni b2 dúró sí. Wọn kò padà sí oókan. Orúkọ b2 ṣì wà lára àwọn fáìlì fún ìgbà díẹ̀ pàápàá.

Kí ló wà nínú 0.7? Texturize wà níbẹ̀, kóòdù Matt tó máa ń yí àmì àyọlò gbọọrọ padà sí èyí tó tẹ̀ kọrọdọ bíi ti inú ìwé. b2links Mike di ara rẹ̀. Àyè wà fún àkékúrú àpilẹ̀kọ. Ojú-ewé tó ń gbé jáde bá XHTML 1.1, ìlànà HTML tó le jù, mu, èyí tó jẹ́ ohun ìwúrí fún àwọn oníṣẹ́ ìkànnì ìgbà yẹn. Kò sí ìyanu níbẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé ẹni tó ń lo b2 lè gbé àpilẹ̀kọ rẹ̀ wọ inú WordPress láìtún un kọ, nítorí inú database kan náà ni wọ́n jọ ń wò. Ẹni tó sùn pẹ̀lú sọ́fítíwíà tí kò lólùtọ́jú jí pẹ̀lú èyí tó ní.

WordPress nìkan kọ́ ló jáde láti ara b2. Ní Ireland, Donncha Ó Caoimh ti kọ b2++, kí sáfà kan lè gbé ọ̀pọ̀ búlọ́ọ̀gù. François Planque, ará Faransé, bẹ̀rẹ̀ b2evolution. Ewu tó wà nínú ìwé àṣẹ bíi GPL nìyí: gbogbo ẹni tó bá ní okun lè gba ọ̀nà tirẹ̀, kí olúkúlùkù sì máa dá gbẹ́ kànga tó yẹ kí wọ́n jọ gbẹ́. Michel ló yanjú rẹ̀. Ó padà jáde, kò sì bínú. Ó sọ ní gbangba pé WordPress ni arọ́pò b2, òun fúnra rẹ̀ sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Donncha náà kó iṣẹ́ rẹ̀ wá, èyí tó di WordPress MU, tí wọ́n wá pa pọ̀ mọ́ WordPress gan-an nígbà tí 3.0 jáde ní oṣù Kẹfà 2010. Planque ń bá tirẹ̀ lọ, b2evolution sì wà láàyè fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n Planque náà kò ṣẹ̀ sí òfin kankan.

Ẹ ṣí fáìlì license.txt nínú WordPress èyíkéyìí tó wà lọ́wọ́ yín lónìí. Orúkọ Michel Valdrighi ṣì wà níbẹ̀, pẹ̀lú 2001 àti 2002.

Títí di ìgbà náà, Movable Type ṣì ni ọ̀gá. Ohun tó yí i padà ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún 2004, nígbà tí Six Apart, ilé-iṣẹ́ Ben àti Mena Trott, gbé ẹ̀dà 3.0 jáde pẹ̀lú owó lórí rẹ̀. Ẹ̀dà ọ̀fẹ́ ṣì wà, ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé kan péré àti búlọ́ọ̀gù mẹ́ta ni ó gbà láàyè. Àwọn tó ti fi Movable Type kan gbé búlọ́ọ̀gù tiwọn, ti ìyàwó wọn àti ti ọ̀rẹ́ wọn jí lọ́jọ́ yẹn, wọ́n sì rí i pé àwọn jẹ gbèsè. Ariwo ta. Six Apart tún àwọn òfin náà rò lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n omi ti dànù.

Èmi kì í bá wọn bú Six Apart. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ sanwó fún, iṣẹ́ wọn sì dára. Àwọn tó ń pariwo ti jẹ àǹfààní rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, ọ̀pọ̀ wọn kò sì san kọ́bọ̀. Ẹni tó sọ ojú abẹ níkòó lórí ọ̀rọ̀ náà ni Mark Pilgrim, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń kà jù nínú búlọ́ọ̀gù ìkànnì kíkọ́ nígbà yẹn. Ní ọjọ́ kejì, ó kọ àpilẹ̀kọ kan tó pè ní «Freedom 0», èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ nínú òmìnira mẹ́rin tí Stallman kà sílẹ̀: àǹfààní láti lo sọ́fítíwíà fún ohunkóhun tó bá wuni. Ohun tó ní òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ti gbà lọ́wọ́ Six Apart láti ọjọ́ yìí wá ni ohun tí kò gba owó. Àwọn ò gba òmìnira. Ẹni tó yá ilé gbé lọ́fẹ̀ẹ́ kò tíì ní ilé. Onílé lè bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lọ́jọ́ tó bá wù ú, kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni. Pilgrim ṣírò iye tí òun yóò san fún Movable Type tuntun, ó jẹ́ dọ́là 535. Ó fi owó náà ta àwọn tó ń kọ WordPress lọ́rẹ, ó sì kó búlọ́ọ̀gù rẹ̀ lọ síbẹ̀.

Ẹ wo bí àkókò ṣe bára mu. WordPress 1.2 jáde ní ọjọ́ 22 oṣù náà, kò tíì pé ọjọ́ mẹ́wàá. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kó àpilẹ̀kọ láti inú Movable Type wá ti wà nílẹ̀. Iṣẹ́ Ryan Boren lórí plugin sì wà nínú rẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ kí WordPress ṣe ohun tí kò mọ̀ ọ́n ṣe lè kọ ọ́ lọ́tọ̀, láìfọwọ́ kan kóòdù àárín. Wọn kò mọ̀ pé Six Apart yóò ṣe ohun tó ṣe. Wọ́n kàn wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìlẹ̀kùn ní ṣíṣí.

Six Apart fúnra rẹ̀ gbé Movable Type sábẹ́ GPL ní oṣù Kejìlá 2007. Ó ti pẹ́ jù. Nígbà tí ẹ̀dà 6 dé ní 2013, wọ́n tún yọ ọ́ kúrò.

Ní oṣù Kejì 2005, WordPress 1.5 mú theme wá, ọ̀rọ̀ ẹwà ìkànnì sì kúrò lọ́wọ́ àwọn tó gbọ́ PHP nìkan. Ṣáájú ìgbà yẹn, tó o bá yí ìrísí búlọ́ọ̀gù rẹ padà, àfi kó o ṣọ́ra kó o má ba kóòdù jẹ́. Theme sọ gbogbo ìrísí náà di àpò kan tó o lè gbé wọlé, tó o sì lè gbé jáde. Èyí tó bá a wá, Kubrick, ni Michael Heilemann ṣe: orí rẹ̀ búlúù, igun rẹ̀ róbótó. Fún ọdún mélòó kan, ibi gbogbo tí ẹ bá yà sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Kubrick lẹ máa bá. Ó dára gan-an fún ìgbà rẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún sọ ọ̀pọ̀ oníbúlọ́ọ̀gù di ọ̀lẹ, títí kan àwọn tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọ̀nà.

Fún àwa tí à ń kọ Yorùbá, ẹ̀dà WordPress tó kàn wá jù ni 2.2, ti ọdún 2007, kò sì sẹ́ni tó ń dárúkọ rẹ̀. Inú rẹ̀ ni ìlà DB_CHARSET ti wọ fáìlì ètò wp-config.php, kí WordPress lè sọ fún MySQL pé UTF-8, ìlànà ìkọ lẹ́tà tó gba lẹ́tà gbogbo èdè, ni òun ń bá a sọ. Ṣáájú èyí, ọ̀pọ̀ database ló gbà pé latin1, ìlànà àtijọ́ tí kò ní «ẹ» àti «ọ», ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń wọlé. Bí ojú-ewé bá ṣì ń ṣiṣẹ́, kò sí àmì kankan tó máa fi hàn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó o bá kó ìkànnì náà lọ sórí sáfà mìíràn, gbogbo «ẹ» yóò di «áº¹». Ọ̀pọ̀ àpilẹ̀kọ Yorùbá àtijọ́ ló ṣì wà báyìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọn kò bàjẹ́ tán. Báìtì mẹ́ta ni UTF-8 fi ń kọ «ẹ», báìtì wọ̀nyẹn sì wà níbẹ̀ ṣinṣin. Orúkọ tí wọ́n pè wọ́n ló ṣì. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lè dá wọn padà, bí kò bá tíì sí ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á rẹ́.

Ọ̀rọ̀ owó kò rọrùn. Ní ìparí oṣù Kẹta 2005, Andy Baio fi hàn lórí búlọ́ọ̀gù rẹ̀ pé ẹgbàágbèje àpilẹ̀kọ ìpolówó wà nípamọ́ lórí wordpress.org, tí wọ́n fi CSS, kóòdù tó ń pinnu ìrísí ojú-ewé, gbé ìjúwe (link) wọn kúrò lójú òǹkàwé, kí ẹ̀rọ ìwákiri Google nìkan lè rí i. Matt ló gbà á láyè, kí owó lè wà fún ìtọ́jú iṣẹ́ náà. Google yọ ìkànnì náà kúrò nínú ohun tó ń fi han àwọn ènìyàn fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì pa àwọn àpilẹ̀kọ náà rẹ́. Láàárín ọdún náà, Matt dá ilé-iṣẹ́ Automattic sílẹ̀, kí owó lè máa gba ibi tó mọ́ wọlé.

Ibẹ̀ ni ohun tí GPL kò dáàbò bò ti ń farahàn. Kóòdù ni ìwé àṣẹ náà sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ orúkọ, kò sì sọ̀rọ̀ sáfà. Automattic ló ni orúkọ WordPress títí di 2010, kí wọ́n tó gbé e fún WordPress Foundation. Sáfà wordpress.org, níbi tí gbogbo ìkànnì WordPress lágbàáyé ti ń gba àtúnṣe àti plugin, wà lábẹ́ àṣẹ Matt. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò fiyè sí ìyàtọ̀ yìí títí di oṣù Kẹsàn-án 2024, nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Matt àti WP Engine, ilé-iṣẹ́ kan ní Austin tó ń ta hosting, ìyẹn ààyè orí sáfà. Ohun tí Matt ń sọ ni pé wọ́n ń jèrè lára WordPress láìfi nǹkan gidi sílẹ̀ fún un, wọ́n sì ń lo orúkọ náà bó ṣe wù wọ́n. Ó ti ilẹ̀kùn wordpress.org mọ́ wọn. Àwọn oníbàárà WP Engine, tí wọn kò mọ ọwọ́ mọ ẹsẹ̀, rí i pé àtúnṣe plugin kò wọlé mọ́. Ní oṣù Kẹwàá, wordpress.org mú Advanced Custom Fields, plugin tó jẹ́ ti WP Engine, ó ṣe fork rẹ̀, ó sì gbé e sí ojú àyè kan náà pẹ̀lú orúkọ mìíràn. Ẹ̀tọ́ kan náà tí Matt lò lórí b2 ní 2003 ni, àmọ́ ìgbà yìí ẹni tó ni iṣẹ́ náà kò sọnù rárá. Ó wà níbẹ̀, ó ń pariwo. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá, ilé-ẹjọ́ kan ní California pàṣẹ pé kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn padà fún WP Engine ná.

Mo ní èrò tèmi lórí ìjà náà. Mo gbà pé ó yẹ kí ẹni tó ń jẹ lára iṣẹ́ ọ̀fẹ́ fi nǹkan sílẹ̀ níbẹ̀. Mi ò gbà pé ó yẹ kí ẹnì kan ṣoṣo mú kọ́kọ́rọ́ ibi tí nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún ìkànnì ayé ti ń gba àtúnṣe dání.

Mark Pilgrim náà ní apá kan sí i nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù Kẹwàá 2011, ọkùnrin tó kọ «Freedom 0» pa gbogbo ìkànnì rẹ̀ rẹ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà 410 ni sáfà ń dá padà, ìyẹn ni pé ohun tí ẹ ń wá ti lọ, kò sì ní padà wá mọ́. Ẹ̀rù ba àwọn tó mọ̀ ọ́n, títí wọ́n fi gbọ́ pé ara rẹ̀ le, pé ó kàn fẹ́ kúrò ní gbangba ni. Lára ohun tó pa rẹ́ ni Dive Into HTML5, ìwé tí ọ̀pọ̀ wa fi kọ́ HTML5. Ṣùgbọ́n àṣẹ Creative Commons tó gba ẹnikẹ́ni láyè láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ló fi gbé e jáde, àwọn mìíràn sì gbé ẹ̀dà náà sórí sáfà tiwọn láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àwọn àpilẹ̀kọ búlọ́ọ̀gù rẹ̀ kò rí irú àánú bẹ́ẹ̀ gbà lọ́nà kan náà. Ẹni tó bá ń wá «Freedom 0» lónìí, inú Internet Archive, ibi tí wọ́n ń tọ́jú ẹ̀dà ìkànnì àtijọ́ sí, ló ti máa kà á.

Tí ẹnì kan bá wá bá mi, yálà láti Ìbàdàn tàbí láti London, pé kí n kọ́ búlọ́ọ̀gù fún òun, mi ò tíì ní béèrè àwọ̀ tó fẹ́. Mo máa ń béèrè orúkọ ta ni domain rẹ̀, ìyẹn àdírẹ́sì ìkànnì náà, wà. Yóò yà yín lẹ́nu bó ṣe jẹ́ pé orúkọ ẹni tó kọ́ ìkànnì náà ni ọ̀pọ̀ wọn wà, tí onítọ̀hún sì ti yí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ padà. Lẹ́yìn ìyẹn, mo máa ń ní kó gbé àpilẹ̀kọ rẹ̀ jáde níṣojú mi. Nínú WordPress, abẹ́ Tools ni Export wà. Fáìlì XML ló máa fún un, tí Notepad lásán lè ṣí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì máa wà níbẹ̀ ní kíkà. Fọ́tò kò sí nínú fáìlì yẹn o, àdírẹ́sì wọn nìkan ló wà níbẹ̀, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ lọ da fódà wp-content/uploads kọ lọ́tọ̀. Ètò theme àti ti ọ̀pọ̀ plugin kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú. Inú database ni wọ́n wà, phpMyAdmin, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣí database, ló sì máa fi gbé e jáde. Ẹni tó bá kó gbogbo rẹ̀ tán, kó gbé e dìde sórí kọ̀ǹpútà mìíràn kó rí i bóyá ó ṣí, kó sì wo «ẹ» àti «ọ» rẹ̀ dáadáa.